Ìyàwó Gbogbo Ilé

Kí àkùkọ tó kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wọn, Bánkẹ́ ti gbá àgbàlá ilé ọkọ rẹ̀ ní Òkèsà, nílùú Ìlẹ́ṣà, tán. Ó ti pọn omi kún gbogbo àmù. Ó ti fi yẹ̀pẹ̀ ha ìdí àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n fi se oúnjẹ ọjọ́ Sátidé, ó sì ti kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tó jí, bí wọ́n ṣe ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé oorun kò kùn ún. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ ni pé nígbà tí Amos yóò bá fi gbé ọkọ̀ dé lọ́sàn-án, iṣẹ́ kankan kò ní ṣẹ́kù nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni yóò nàka sí pé ìyàwó fi sílẹ̀ lọ gbafẹ́.

Bàdágírì ni òun àti Olúdayọ̀ ń lọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ a máa lọ ṣe họ́nímúùnù ní ìlú òyìnbó. Àwọn méjèèjì ní àwọn náà yóò ṣe tiwọn bí ọwọ́ tíṣà ṣe mọ. Amos, tó bá Olúdayọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, ló ń fi Pijó kó èrò láti Ìlẹ́ṣà lọ sí Èkó. Ó ní òun yóò gbé ọkọ àti ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń lọ láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀bùn ìgbéyàwó tòun nìyẹn. Ìjọ wọn ní ilé àlejò kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàdágírì, wọ́n sì ti fún wọn ní yàrá kan níbẹ̀ ní owó tí kò ju ohun tí a fi ń ra ọṣẹ lọ. Bánkẹ́ ti to sítóòfù kékeré sínú agbọ̀n, pẹ̀lú gàrí, ṣúgà, sadíìnì àti búrẹ́dì ńlá kan tó fi bébà wé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, wọn yóò rìn lábẹ́ igi àgbọn títí wọn yóò fi dé etí òkun. Wọn yóò jókòó sórí iyanrìn, ẹnikẹ́ni kò sì ní ké sí wọn. Atẹ́gùn òkun kò gba owó orí. Ohun kan ṣoṣo tí ètò náà kò gbà ni ìdádúró, nítorí ilé ìwé yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá ṣe ọ̀sẹ̀ yìí, ó di ọjọ́ tí Ọlọ́run nìkan mọ̀.

Bánkẹ́ kò rí òkun rí. Ọmọ Òṣogbo ni, Alékùwọdò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Odò ló mọ̀.

"Dayọ̀," ó pe ọkọ rẹ̀ wẹ́lẹ́ nígbà tó wọ yàrá lọ mú aṣọ ìnura. Inú yàrá nìkan ló ti lè pe orúkọ yẹn. Bí ó bá ti kan ẹnu ọ̀nà, Tíṣà ló gbọ́dọ̀ máa pè é. "Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kì í rí òdì kejì rẹ̀?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ò débẹ̀ rí."

"Ta ló máa kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú àwa méjèèjì?"

"Ìwọ ni. Èmi á dúró lẹ́yìn, kí omi má baà gbé àwa méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà."

Bánkẹ́ fi aṣọ ìnura bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, olùṣọ́àgùntàn ti rán ìjọ létí pé òfin Mósè pàápàá ṣàánú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó: wọn kò gbọ́dọ̀ rán irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun, kí ó lè ráyè mú inú aya rẹ̀ dùn. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Kò sí ẹni tí Àmín rẹ̀ ròkè tó ti Màmá Julianah, ẹ̀gbọ́n bàbá Olúdayọ̀, àgbà gbogbo ọmọ obìnrin ilé náà.

Nígbà tí Bánkẹ́ jáde lọ sá aṣọ, Ìyá Ọlọ́rundáre yọ orí láti òdì kejì ògiri. Ilé rẹ̀ àti ilé ọkọ Bánkẹ́ ló jọ pín ògiri àgbàlá, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ọ̀hún ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ìyàwó, wọ́n ní ẹ ń lọ wo òkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Ṣé èyí tí àwọn ṣọ́jà ti ń de olè mọ́ àgbá, tí wọ́n ń yìnbọn fún wọn?"

"Ti Èkó nìyẹn, mà. Bàdágírì ni tiwa."

"Omi kan náà kọ́ ni?" Ìyá Ọlọ́rundáre fi ọwọ́ lérán, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Má bínú o, ọmọ mi, ìran ni mò ń fi ọ́ wò. Nígbà tiwa, orí ọlọ ni ìyàwó ọjọ́ kẹta ń wà. Bí ata bá ta sí wa lójú, omi oníyọ̀ tí à ń rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó sanwó ọkọ̀ lọ wò ó."

Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì ń sá aṣọ rẹ̀ lọ.

"Ìyàwó." Ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ ló dún láti ilé ìdáná. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Mà."

"Àwọn ará Ìbòkun ò tíì lọ. Wọ́n á jẹun."

Àwọn ẹbí kan láti Ìbòkun tó wá síbi ìgbéyàwó ni, obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ láti àná pé àwọn ń lọ. Bánkẹ́ dá iná. Ó bẹ iṣu, ó se é, ó gún un, ó ro ọbẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín. Ọ̀kan nínú wọn ní iyán náà dára fún ọmọ Òṣogbo, pé òun rò pé àmàlà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n rò lọ́hùn-ún. Bánkẹ́ kó àwo, ó fọ̀ ọ́. Oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run. Ó wo àpótí òun àti ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo agbọ̀n oúnjẹ tó wà lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Bí Màmá Julianah ṣe wọlé nìyẹn, pẹ̀lú ẹrù lórí àwọn méjì tó ń tẹ̀ lé e: àpò èlùbọ́, iṣu tí wọ́n fi okùn dì, garawa epo, ẹran yíyan, àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà kì í pe ilé ní ilé bí kò ṣe ulé, nítorí ojúlówó Ìjẹ̀ṣà ni, kò sì sí ìlú tó gbé tó yí ahọ́n rẹ̀ padà.

"Ṣé ọkọ̀ wa ti dé?" ló fi kí wọn.

Yèyé gbé àga fún un. Màmá Julianah jókòó, ó fi etí gèlè nu òógùn ọrùn.

"Mo gbọ́ pé Amos ń lọ sí Èkó lónìí, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi tó wà ní Àpápá ti ń ránṣẹ́ èlùbọ́. Ọkọ̀ ẹbí kì í lọ lófo." Ó wo Bánkẹ́. "Ìyàwó, gbé ẹrù wọ̀nyí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tọ́jú adìyẹ yẹn kó má yàgbẹ́ sí èlùbọ́."

Bánkẹ́ gbé e. Nígbà tó gbé ìkẹyìn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ẹ yà síbí." Olúdayọ̀ wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Dayọ̀, Àpápá kọ́ là ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Bá wọn sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ? Ìyá yìí ló pọ̀n mí dàgbà." Ó ń gé èékánná rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Ká ṣáà gbé wọn dé Àpápá, kí Amos wá gbé wa kọjá sí Bàdágírì. Kò ju ìyàsọ́nà díẹ̀ lọ."

"Bí a bá dé ilé ọmọ wọn, wọ́n á ní ká jẹun. Bí a bá jẹun, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣú, ká sùn. Ọ̀la wọ́n á rán ọ níṣẹ́ nínú Èkó. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Fọkàn balẹ̀. Màá bá wọn sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Bí wọ́n bá ti jẹun tán."

Màmá Julianah jẹun tán. Ó mu omi, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run. Olúdayọ̀ jókòó nítòsí rẹ̀, ó lanu, ó sì bi í léèrè bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní oko wọn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bánkẹ́ padà sẹ́yìnkùlé lọ fọ àwo. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ẹ̀rín láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin púpọ̀ ni, irú èyí tó máa ń gùn, tí ẹnì kan ń tì í, tí ẹlòmíràn ń gbà á.

Ẹran yíyan ló fa ọ̀rọ̀. Màmá Julianah ní bí òun bá fi ẹran tí òun ń gbé lọ fún ọmọ òun sínú agbọ̀n, eruku ọ̀nà Ìbàdàn yóò bà á jẹ́, pé àpótí àwọn ìyàwó sì nìyí, ó tóbi, ta ló mọ ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ tó fi tóbi báyìí fún ìrìn ọjọ́ díẹ̀. Ó ṣí i. Ó kó ṣòkòtò Olúdayọ̀ sí apá kan. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ àwọ̀sùn kan jáde, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí Bánkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ní gbogbo àsìkò Lẹ́ńtì, tó fi léèsì yí lọ́rùn. Àwọn ará Ìbòkun sì súnmọ́ ọn.

"Kí lèyí? Àwọ̀n ni?"

"Àwọ̀n mà ni. Ṣebí etí òkun ni wọ́n ń lọ."

"Ẹja wo ló fẹ́ fi kó?"

"Ó ti kó ẹja tirẹ̀ tán. Ẹja náà ló jókòó yìí, tó ń gé èékánná."

Olúdayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó jáde lọ síta. Aṣọ náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnì kan nà án sí ojú fèrèsé kí wọ́n lè wò ó bóyá wọ́n á rí òdì kejì.

Ìyábọ̀, àbíkẹ́yìn Yèyé, ọmọge tí kò tíì kúrò nílé ìwé, ń bọ̀ láti ìta. Ó rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn nawọ́, ó já aṣọ náà gbà lọ́wọ́ ará Ìbòkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká a kíákíá kó lè dá a padà sínú àpótí.

Ìgbà yẹn gan-an ni Bánkẹ́ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi àwo. Kò rí ẹni tó fa aṣọ náà jáde. Kò rí ẹni tó nà án sí fèrèsé. Ọwọ́ Ìyábọ̀ ló rí lára rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Bánkẹ́ sì ti fi kọ́ ọmọ yìí ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nínú kíláàsì, tó ń pe orúkọ rẹ̀ ní àràárọ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọmọ náà ń dáhùn pé, "Wà níbí, Mìsì." Ahọ́n tíṣà ló ṣíwájú làákàyè ìyàwó.

"Ìyábọ̀ Fásanmí, gbé e sílẹ̀."

Adìyẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nìkan ló ń ké.

Ẹni tí kò bá mọ ilé Yorùbá yóò bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Orúkọ ló ṣẹlẹ̀. Ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé ọkọ rẹ̀ kó tó dé ní orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn fún wọn. Bánkẹ́ mọ èyí. Ní alẹ́ Sátidé tí wọ́n bomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti sọ Ìyábọ̀ ní Eyínmẹ́nugún, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Wàyí o, kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan ló pè. Ó fi ti bàbá ọkọ tì í.

Ó ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ dákun, mà. Ẹnu mi ló ṣì."

"Ta lo pè?" Màmá Julianah kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ dákun, mà."

"Mo ní ta lo pè. Ṣebí gbogbo wa ló gbọ́. O pe ọmọ, o tún pe bàbá. Ewúrẹ́ tí wọ́n bí sí ulé yìí kí o tó dé, ọkọ rẹ ni. Kí ni wọ́n kọ́ ọ ní Òṣogbo?"

"Ilé ìwé ló fà á, mà. Ó ti mọ́ mi lára kí n—"

"Ilé ìwé." Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbòkun kọ háà. "Ó ní ilé ìwé."

"Ìyábọ̀, ṣé ìwọ ni ọmọ ilé ìwé rẹ̀ níbí, àbí ọkọ rẹ̀?" Màmá Julianah bi í.

Ìyábọ̀ di aṣọ náà mú láyà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Wọn kò sì tún bi í mọ́. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀, òun nìkan ni wọn kò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Bàbá ní iwájú ilé, níbi tó ti ń gbọ́ redíò. Òṣómàáló ni nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri ìlú onílùú. Wọ́n ní nígbà náà, bí onígbèsè kò bá sanwó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní jẹun, títí owó rẹ̀ yóò fi jáde. Ọkùnrin tó lè lóṣòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú nítorí owó aṣọ ni. Ó gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé ìdajì.

"Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni," ó ní. "Ẹ lọ bá ara yín tún un ṣe." Ó sì yí redíò sókè.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ti tú kí àgbà ó tó dìde.

Màmá Julianah padà sínú ilé, ó dájọ́. Kò ní gba owó, ó ní àwọn kì í jẹ owó ìyàwó. Uyán ni. Kí ìyàwó gún uyán fún gbogbo ọmọ obìnrin ulé, àwọn tó wà ní Òkèsà àti àwọn tó wà nílé ọkọ wọn láàárín ìlú; wọn yóò péjọ nírọ̀lẹ́, bí òun tilẹ̀ ti lọ sí Èkó, yóò sì kúnlẹ̀ gbé tiwọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa pè wọ́n ní orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ, títí yóò fi mọ́ ọn lára bí ti ilé ìwé.

"Nírọ̀lẹ́ wo, mà?" Bánkẹ́ bèèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ òní. Kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́ nílẹ̀."

"Ọkọ̀ máa dé nísinsìnyí, mà. Ẹ jẹ́ kí n gún un lọ́jọ́ tí a bá dé. Bó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, màá gún un."

"Ìyàwó tí kò tíì mọ orúkọ àwọn ọkọ rẹ̀, kí ló ń wá lọ sétí òkun?"

Ohùn fèrè ọkọ̀ dún níta.

Amos wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti fọ Pijó náà títí ó fi ń dán, ó sì ti so òdòdó bébà mọ́ imú ọkọ̀ náà. Ó rí ìyàwó lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì kúrò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ẹrù kọjá níwájú rẹ̀. Èlùbọ́ lọ sórí ọkọ̀, iṣu lọ, epo lọ. Màmá Julianah gba iwájú. Àwọn ará Ìbòkun, tí ọ̀nà ilé wọn kọjú sí ibòmíràn pátápátá, ti ní níwọ̀n bí ọkọ̀ ti wà, àwọn yóò kúkú bá a dé Ìbàdàn lọ kí àbúrò àwọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Ẹrù tí orí ọkọ̀ kò gbà wọ ìjókòó tó kù, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ó ku ẹnì kan," Amos ní. Ó ń wo ilẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀yin méjèèjì la jọ sọ pé mo máa gbé."

"Màmá," Olúdayọ̀ ní. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Bánkẹ́ gbé orí sókè. "Màmá, ó ti bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká … ẹ wò ó, ètò yìí ti pẹ́."

"Ètò wo?"

"Ti Bàdágírì."

"Ó dáa." Màmá Julianah tún gèlè rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀. "Èmi á sọ̀kalẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ á sọ̀kalẹ̀. A ó kó èlùbọ́ wa sílẹ̀. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ẹ wọlé, kí gbogbo Òkèsà jáde wò yín, kí wọ́n rí ọmọ tí mo pọ̀n, tó já mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí aṣọ àwọ̀sùn. Sọ pé kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè."

Ìyá Ọlọ́rundáre àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti jáde síta. Àwọn tó ń kọjá lọ ti dúró. Olúdayọ̀ wo wọn. Ó wo ìyá rẹ̀, Yèyé sì yí ojú. Ó wo Bánkẹ́, tó ti dìde wá sí ẹnu ọ̀nà, eruku ìkúnlẹ̀ sì wà ní orúnkún aṣọ rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá ti sọ pé, "Ẹ sọ̀kalẹ̀, mà," ayé kì bá parẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ sọ pé, "Èmi náà ò lọ mọ́," Bánkẹ́ ì bá fi ayọ̀ gún iyán fún gbogbo Ìlẹ́ṣà.

"Ẹ má sọ̀kalẹ̀, mà," ó ní.

"A ò lè wá máa dá lọ láàárín Èkó láìsí ọkùnrin pẹ̀lú wa," Màmá Julianah ní, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Wọlé, ọmọ mi. Ìparí ọ̀sẹ̀ lo máa padà. Ìyàwó ò sá lọ síbì kankan."

Olúdayọ̀ wá bá Bánkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é," ó ní lábẹ́lẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀, àsìkò Àjíǹde, a máa lọ. Mo ṣèlérí."

Bánkẹ́ ń wò ó.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ tó kọ ẹbí ni?"

"Ẹ máa lọ, Tíṣà," ó ní. "Ọkọ̀ ń dúró dè yín."

Olúdayọ̀ fẹ́ fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó rántí pé àwọn ènìyàn ń wo àwọn, ó sì fi ọwọ́ náà họ ọrùn. Nígbà tó ń lọ, Màmá Julianah nahùn láti inú ọkọ̀ pé kí ó gbé agbọ̀n oúnjẹ yẹn dání, ebi lè pa èèyàn lọ́nà. Ó padà, ó gbé e. Kí ọkọ̀ tó yí ìdí padà, ọwọ́ ará Ìbòkun kan ti wà lára búrẹ́dì náà, ó ń tú bébà tí wọ́n fi wé e. Amos wo iwájú, kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Òdòdó bébà ń gbọ̀n lẹ́nu ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Họ́nímúùnù ti lọ o," ẹnì kan wí láàárín àwọn tó ń wòran. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ká. Ìyá Ọlọ́rundáre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó sì wọlé lọ sọ ọ́.

Bánkẹ́ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti da ohun tí í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹran lè ráyè nínú àpótí. Ó ṣà wọ́n, ó kó wọn lọ sórí ibùsùn. Kò sunkún. Ó bọ́ aṣọ ìrìn-àjò tó ti wọ̀ sábẹ́ ìró, ó ró èyí tó ti gbó, ó sì lọ bẹ iṣu. Iṣu náà pọ̀. Yèyé ti kó wọn kalẹ̀ sí ẹnu ilé ìdáná fún un, láìsọ̀rọ̀, títí kan ọ̀bẹ.

Nígbà tí iṣu ìṣáájú jinná, ó dà á sódó, ó bẹ̀rẹ̀ sí gún un. Ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, apá ti ń ro ó, kó tó mọ̀ pé Ìyábọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun.

"Mìsì," ọmọ náà ní. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. "Èmi kọ́ ni mo fà á jáde. Mo fẹ́ dá a padà ni."

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Bánkẹ́.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Nígbà tí mo rí bí o ṣe ká a ni mo mọ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ lo ṣe ká a. Má bínú, Eyínmẹ́nugún."

"Mi ò bínú rárá. Wọn ò bi mí ẹni tó fà á jáde ni."

"Ìwọ náà ò sọ."

Ìyábọ̀ wo iṣu tó kù lẹ́bàá ààrò, ó wo apá Bánkẹ́. Ó fún ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó mú ọmọ odó kejì tó fara ti ògiri, ó dúró ní òdìkejì odó. Bánkẹ́ gbé tirẹ̀, ọmọ náà gbé tirẹ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn: èyí ń lọ, èyí ń bọ̀. Iyán bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìrora ejìká Bánkẹ́ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, ó ń mí dé ìsàlẹ̀ ikùn.

"Ìyábọ̀."

Yèyé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró.

"Mà."

"Ṣé ìwọ ni ìyàwó ulé yìí?"

Ọmọ náà wo Bánkẹ́. Bánkẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe dúró de ti Olúdayọ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe dúró dè é. Ìyábọ̀ fi ọmọ odó ti ògiri, ó rọra ṣe é kó má baà ṣubú, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá wọlé.

Yèyé kò tíì lọ. Ó ń wo odó náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n ti le bí èèpo igi, so kọ́ ara wọn níwájú rẹ̀.

"Nígbà tèmi," ó ní, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, "ẹnì kankan ò bá mi gún un."

Ó yí padà, ó lọ. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. A kò sì tíì rí ìyáálé kan tó gun àjà lọ ṣẹ́ ẹ.

Lódì kejì ògiri, Ìyá Ọlọ́rundáre ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Ó ti ń gbọ́ ìró ọmọ odó méjì. Ó gbọ́ nígbà tó dákẹ́. Ó dáwọ́ ẹ̀wà dúró, ó tẹ́tí, títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo, ó ń falẹ̀.